Àwọn Ẹyẹ Tí Ń Mu Agbára Òòrùn Lórí Òrùlé Ọdẹ́jìnmí

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin ará mi, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ìtàn tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí a ń fi etí kan gbọ́ kí a sì máa fi èkejì gbọ́ ariwo ọ̀nà. Ìtàn ọdẹ ni, ìtàn igbó ni, ìtàn ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n jí gbé ní ọ̀sán gangan ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá jẹ́ ẹni tí ó máa ń gba gbogbo ohun tí a bá sọ fún un gbọ́, kí ó dìde nísinsìnyí kí ó máa lọ sílé, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìfura rẹ̀ ni ó gbà á là nínú igbó, ìfura rẹ̀ kan náà ni ó sì dójú tì í nínú ilé.

Ọdẹ́jìnmí ni orúkọ rẹ̀, ará abúlé Ìdí-Apá. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú débi pé ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ kí ó sì sọ fún ọ iye èèrà tí ń gun igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní òdìkejì odò. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ ka ẹran inú rẹ̀. Bí ènìyàn bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò gbójú sókè wò ó bóyá lóòótọ́ ni ilẹ̀ ti mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í fura sí, ìyẹn Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, ẹni tí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá fínra láti ọdún méje. Abẹ́rẹ́ ni obìnrin náà ń gbà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, oògùn inú abẹ́rẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ gbóná. Bí ó bá gbóná, ó ti bàjẹ́. Bí ó bá bàjẹ́, Àwẹ̀ró kò ní í pẹ́ láyé.

Nítorí oògùn yìí ni Ọdẹ́jìnmí ṣe gbà kí wọ́n gbé sólà sí orí òrùlé òun. Láyíwọlá ni ó bá a ṣe é, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ní ìlú ńlá tí ó sì padà wálé. Ó to gíláàsì mẹ́rin sí orí páànù, ó gbé bátìrì méjì sí igun yàrá, ó sì so fíríìjì kékeré kan mọ́ ọn. Fún odidi ọdún kan, fíríìjì náà ń kùn tọ̀sántòru, oògùn sì tutù bí omi orísun. Àfi bí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe wọlé, tí òòrùn ń ràn bí ẹni tí ń bínú, tí ó wá jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni agbára sólà ń tán kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan, fíríìjì dákẹ́ pátápátá. Àwẹ̀ró ṣí i, ooru inú rẹ̀ sì kọ lù ú lójú.

Ìgò oògùn mẹ́ta péré ni ó kù, òmíràn kò sì ní í dé ilé ìwòsàn títí oṣù tuntun yóò fi lé. Àwẹ̀ró kó ìgò náà sínú ìkòkò kékeré, ó gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, ó da iyanrìn tútù sí àárín àwọn méjèèjì, ó sì fi aṣọ tí ó rin fún omi bò wọ́n.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni èyí lè gbà wá," ni ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Lẹ́yìn ìyẹn, Baba Móríyìn, mi ò mọ̀ mọ́."

Ọdẹ́jìnmí ti jáde. Ìbínú ti gbé e dé abẹ́ igi apá tí ó wà láàárín abúlé, níbi tí Láyíwọlá ti ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀.

"Láyíwọlá, níbo ni o ń gbé agbára sólà mi lọ?"

"Ẹ káàárọ̀, baba ọdẹ. Kí ni mo fẹ́ fi agbára sólà yín ṣe? Ṣé mo lè dì í sínú ọ̀rá ni?"

"Ìwọ lo mọ ohun tí o ń dì í sí. Wáyà kan gba ẹ̀yìn ògiri mi kọjá tí mi ò rí òpin rẹ̀."

"Wáyà ilẹ̀ nìyẹn, baba. Òun ni yóò gbé mànàmáná wọlẹ̀ bí àrá bá sán."

"Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ ilé rẹ?"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tí sólà tirẹ̀ náà ti dákẹ́ pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ilẹ̀ ilé rẹ̀ ni! Ẹ bi í bóyá fíríìjì tirẹ̀ dákẹ́!"

Ojú Láyíwọlá le. "Baba ọdẹ, lọ́jọ́ tí mo so ó, mo ní fíríìjì ni mo ṣe é fún. Ta ló wá ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ lórí rẹ̀? Ta ló ń tan gílóòbù sí yàrá mẹ́fà nígbà tí kò sí ẹnì kankan nínú márùn-ún?"

"Ṣé o fẹ́ kọ́ mi bí n ó ṣe máa gbé nínú ilé mi ni?"

"Rárá o. Ẹ gun òrùlé yín, kí ẹ jókòó ti gíláàsì náà títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Bí ẹ bá rí ọwọ́ mi níbẹ̀, ẹ gé e."

Kí Ọdẹ́jìnmí tó délé, àwọn ènìyàn ti fa pátákó tí Láyíwọlá kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí tu, wọ́n sì ti jù ú sínú kòtò. Ọdẹ́jìnmí rí wọn. Ó kọjá lọ.

Ó gun òrùlé rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dùbúlẹ̀ de ìgalà. Páànù ń jó o níkùn, kò mira. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó rí ohun tí ẹlòmíràn kì bá tí rí: ẹyẹ mẹ́ta bà lé orí gíláàsì náà, ara wọn mọ́ gaara bí omi, ẹnu wọn gùn, ó sì ní ihò bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Wọ́n ki ẹnu bọ gíláàsì, wọ́n ń fà á mu. Bí wọ́n ti ń mu ún ni ikùn wọn ń mọ́lẹ̀, títí tí wọ́n fi dà bí àtùpà tí ó ní ìyẹ́. Wọ́n yó tán, wọ́n fò, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ti wúwo nínú wọn, ìfò wọn kò sì ga ju orí koríko lọ.

Ìwọ tí ò ń mi orí lọ́hùn-ún, ṣé o rò pé ibẹ̀ ni ọdẹ náà ti jẹ́wọ́ pé Láyíwọlá kò mọwọ́mẹsẹ̀? Rárá o. Ohun tí ó sọ ni pé, "Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹyẹ ni ọmọ yìí ń sìn!" Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò, ó sì tẹ̀lé wọn wọ Igbó Aláìlójìji.

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fẹ́ dé igbó náà. Igi inú rẹ̀ ga, ewé wọn dí, síbẹ̀ igi kankan kò ní òjìji, nítorí àwọn ẹyẹ náà ń kọjá lójoojúmọ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń kán sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Ipa ìmọ́lẹ̀ tí ó kán yìí ni Ọdẹ́jìnmí ń tọ̀, ó ń yin ara rẹ̀ bí ó ti ń lọ: "Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Akínrọ́pò! Èmi tí mo bá ẹfọ̀n du omi mu! Èmi tí ẹkùn rí tí ó rántí pé òun ní iṣẹ́ nílé!" Kò tí ì dákẹ́ tí ó fi dé ẹnu ibodè kan tí wọ́n fi òpó ṣe. Ó wo òpó náà dáadáa, ó rí i pé òpó kọ̀ọ̀kan dé fìlà ọdẹ.

Iwin kan dìde láàárín àwọn òpó. Ẹlẹ́nu-Méjì ni orúkọ rẹ̀, ẹnu kan níwájú, ẹnu kan ní ìpàkọ́.

"Ẹ kú àbọ̀ o, baba wa àgbà," ni ẹnu iwájú wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

"Òpó kẹtàdínlógún ti dé," ni ẹnu ẹ̀yìn wí.

Ẹnu iwájú ní, "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, baba. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọjá. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ dúró tì wá. Ó ń sùn, ó ń jẹun. Olówó rẹ̀ rò pé ó ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ojú pupa rẹ̀ kan ṣoṣo là sílẹ̀ nínú yàrá. Kò ṣiṣẹ́ kankan, síbẹ̀ kì í yé jẹun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí ni?"

Ọdẹ́jìnmí kọ́kọ́ rò ó pé ejò ni. Lẹ́yìn náà ó rò ó pé òwìwí ni. Ẹnu ẹ̀yìn wá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ológbò ni, baba. Àánú yín ló ṣe mí. Ẹ sáà sọ pé ológbò ni."

Ìyẹn gan-an ni ó jẹ́ kí ọdẹ náà dúró. Ta ni ó ń fún àlejò ní ìdáhùn lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́nu ibodè? Ó di ojú, ó sì wo inú ilé ara rẹ̀ láti yàrá dé yàrá bí ẹni tí ń wá ẹran tí ó yìn níbọn. Nígbà tí ó dé pálọ̀, ó rí i: iná pupa kékeré, tí kò tóbi ju ojú ẹyẹlé lọ, ní ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n.

"Tẹlifíṣọ̀n ni," ó wí. "A tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́, a sì lọ. A kò yọ okùn rẹ̀ lára ògiri."

Ẹnu iwájú gbin bí ajá tí a gba egungun rẹ̀. Ẹnu ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ń ṣàn sí i lẹ́yìn. "Nílé tirẹ̀ ló ti rí i!" ó ń pariwo. "Ẹ wo ojú rẹ̀, nílé tirẹ̀ ni!" Ọdẹ́jìnmí kọjá láìwẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí Láyíwọlá sọ lábẹ́ igi apá fẹ́ dìde nínú ọkàn rẹ̀, ó sì fi ipá gbé e mì.

Kò rìn jìnnà tí ó fi pàdé ẹnì kan tí aṣọ rẹ̀ ń dán yinrinyinrin, tí ó jókòó ti tábìlì kan tí aṣọ bò títí dé ilẹ̀. Gíláàsì sólà kan wà lórí tábìlì náà, wáyà kan jáde lára rẹ̀ lọ sínú gílóòbù kan, gílóòbù náà sì ń tàn débi pé ó ń dun ènìyàn lójú.

"Adánlójú ni orúkọ mi," ni ẹni náà wí, "mo sì mọ ohun tí ẹ bá wá. Ìyàwó ń ṣàìsàn, oògùn ń gbóná. Kí ni ẹ fẹ́ wọ igbó lọ fún, bàbá mi? Ẹ gbé gíláàsì kan yìí nìkan, ó ju mẹ́rin tiyín lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú òjò, ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi ìbọn yín sílẹ̀ fún mi, kí ẹ máa lọ sílé lọ fún aya yín ní abẹ́rẹ́."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má fi ọdẹ náà ṣe ẹlẹ́yà bí ọkàn rẹ̀ ṣe fà sí i. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ kì í fẹ́ gbọ́ pé ọ̀nà ṣì jìn. Ó ti fi ọwọ́ kan okùn ìbọn rẹ̀ kí ó tó wò ó pé kí òun dán nǹkan kan wò. Ó bọ́ ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, ó fi bo ojú gíláàsì náà pátápátá. Gílóòbù ń tàn lọ, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ẹ rí i?" ni Adánlójú wí pẹ̀lú ìdùnnú. "Mo ní ó ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn!"

"Ohun tí mo rí ni pé gílóòbù rẹ kò mọ gíláàsì rẹ rí," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Bí ìyá bá daṣọ borí, ọmọ tí ń mu ọmú yóò ké. Èyí kò ké." Ó sì fi ẹsẹ̀ ta tábìlì náà dànù.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ amúmọ́lẹ̀ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ki wáyà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Gíláàsì náà já bọ́, ó fọ́, inú rẹ̀ sì jẹ́ pákó lásán tí a kùn ní dúdú. Adánlójú ká aṣọ dídán rẹ̀ mọ́ra, ó sá wọ inú igbó, ó ń sọ pé iṣẹ́ ni wọ́n rán òun. Ọdẹ́jìnmí wọ ẹ̀wù rẹ̀ padà, ó tú ẹyẹ náà sílẹ̀. Ẹyẹ náà kò dúró dúpẹ́, ilé ni ó gbà lọ tààrà, ọdẹ náà sì sáré tẹ̀lé e mọ́jú, wọ́n sì dé Ìlú Àìdijú lọ́jọ́ kejì.

Àwọn wo ni ó ń gbé nínú ìlú yìí? Iwin ni wọ́n, ṣùgbọ́n ènìyàn tí ó bá rí wọn yóò káàánú wọn kí ó tó bẹ̀rù. Ojú gbogbo wọn pọ́n bí ata, abẹ́ ojú wọn wú, wọ́n ń rìn bí ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Gílóòbù ń tàn ní gbogbo ilé, lórí igi, nínú kànga, nínú ilé ewúrẹ́. Fáànù ń fẹ́ àga tí kò sí ẹni lórí rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù gbóná, ó jókòó lásán láìsí aṣọ níwájú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ amúmọ́lẹ̀ ń wọlé, wọ́n ń pọ ìmọ́lẹ̀ sínú ìkòkò ńlá kan lẹ́yìn ààfin, wọ́n sì ń padà jáde.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ojúpọ́n ni ó gbà á sílé. Ó pọn ọmọ oṣù márùn-ún kan sẹ́yìn, ọmọ náà ń ké, kò sì dákẹ́.

"Ìgbà wo ni ọmọ yìí sùn kẹ́yìn?" ni Ọdẹ́jìnmí bi í.

"Kí ni wọ́n ń pè ní sùn?" ni obìnrin náà dáhùn.

Ọdẹ náà na ọwọ́ sí ojú ògiri níbi tí suwíìṣì wà, ó rí i pé amọ̀ ni wọ́n fi bò ó. Obìnrin náà ké, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. "Àlejò, ṣé o fẹ́ pa wá ni? Bí ẹnì kan bá kú nínú ilé, ìgbà náà ni a ń mú kí ilé ṣókùnkùn, fún ọjọ́ méje. Bí ilé bá ṣókùnkùn láìsí òkú, òkú yóò wá a wá. Bí a bá bí ọmọ, a ó fi gílóòbù kan kún un. Àwọn ti bàbá ìyá bàbá mi ṣì ń tàn lókè yẹn."

"Ta ló sọ fún yín bẹ́ẹ̀?"

"Kábíyèsí ni. A kì í sinmi, nítorí náà oko Kábíyèsí náà kì í sinmi."

Ọdẹ́jìnmí dé fìlà rẹ̀. Ó lọ sí ààfin. Ọba tí ó wà lórí oyè ni Ojúmọ́-kì-í-ṣú, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ sì jí pépé. Ọdẹ náà ṣí fìlà, ó sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá àwọn ẹyẹ tí ń jí ìmọ́lẹ̀ òun gbé dúró.

"Jíjí kọ́," ni Kábíyèsí wí. "Ta ló ni òòrùn? Bí mo bá dá ẹyẹ dúró, iná àwọn ènìyàn mi yóò kú, àwọn náà yóò sì kú. Ṣé ìyàwó rẹ nìkan ju odidi ìlú lọ ni? Padà wá lọ́la, n ó ti rò ó."

Gbogbo ìjòyè wí pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ọdẹ́jìnmí kò wo ẹnu ọba, ojú rẹ̀ ni ó ń wò. Ojú náà funfun nini. Lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀, àwọn àpá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n kọjá lórí ara wọn. Nígbà tí ó délé, ó bi Ìyá Ojúpọ́n nípa wọn.

"Ilà ìdílé ọba nìyẹn," ni obìnrin náà wí. "Àwọn nìkan ló ń kọ ọ́."

Ọdẹ́jìnmí ti rí gọ̀ǹbọ́, ó ti rí pélé, ó ti rí àbàjà. Kò rí ilà ojú tí wọ́n hun bí ẹní rí. Ṣùgbọ́n ó pa ẹnu mọ́, nítorí ẹ̀rí kan kò tí ì tó o.

Nígbà tí agogo ààfin dún lọ́jọ́ kẹta, ó padà lọ, ó sì ní kí Ìyá Ojúpọ́n pe àwọn aládùúgbò dání. Kábíyèsí jáde, ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rò ó, ìdáhùn òun sì ni pé rárá.

"Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́," ni Ọdẹ́jìnmí wí ní ohùn rara. "Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló kù. Lánàá, ilà yín wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Kí ló gbé e lọ sí òsì lónìí?"

Ọba gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó ṣìnà, ó wá gbé e sí òsì.

"Ẹ̀yin ará ìlú yìí," ni ọdẹ náà ń bá a lọ, kò mí, "àádọ́ta ọdún ni mo ti ń ka ipa ẹsẹ̀ ẹran. Àpá ẹní nìyẹn! Ẹni tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ ojú lé ẹní tí oorun sì gbé e lọ ni ó ń jí pẹ̀lú rẹ̀. Ọba yín fi ọ̀tún sùn lánàá, ó fi òsì sùn lónìí. Ẹ̀yin kò mọ oorun, òun ń yí ẹ̀gbẹ́ padà nínú rẹ̀!"

"Ẹ mú un!" ni ọba ké. "Ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì ńlá tó wà níta ààfin, kí òòrùn yan án!"

Àwọn ẹ̀ṣọ́ na ọ̀kọ̀ sí ọrùn ọdẹ náà, ṣùgbọ́n ojú ọba ni wọ́n ń wò. Ìjòyè àgbà kan, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n fún àìsùn ọdún pípẹ́, rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́, ó sì ti ìlẹ̀kùn yàrá inú lọ́hùn-ún ṣí. Òkùnkùn ni ó wà níbẹ̀, òkùnkùn tí ó tutù minimini, àti ẹní kan, àti ìrọ̀rí kan. Gbogbo ènìyàn fà sẹ́yìn.

"Ta ló kú níbí?" ni ìjòyè náà bi í.

Ọba yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mo ní ta ló kú níbí, Kábíyèsí?"

Kàkà kí ọba dáhùn, Ìyá Ojúpọ́n ni ó tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Omijé ń dà lójú rẹ̀. "Bí òkùnkùn bá ń pa ènìyàn, kí a mọ̀," ó wí, "ó ti sú mi." Ó wọ inú yàrá náà, ó tẹ́ ọmọ sórí ẹní ọba, ó sì jókòó tì í. Ọmọ ń ké. Igbe rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, igbe náà dákẹ́.

Ariwo ẹkún bẹ̀rẹ̀ ní ìta. Ẹnu ọ̀kọ̀ kan ti wọ awọ ara ọrùn ọdẹ, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn wọ inú ẹ̀wù rẹ̀. Ó rò nípa Àwẹ̀ró pé ọjọ́ kẹta ti ń lọ, pé òun kò ní í délé. Ojú rẹ̀ tí ó mú tó bẹ́ẹ̀ kò rí nǹkan kan nínú òkùnkùn yẹn mọ́. Ìjòyè àgbà náà gbé ọwọ́ sókè pé kí gbogbo ènìyàn panu mọ́, wọ́n sì tẹ́tí. Láti inú yàrá náà ni ìró kan ti jáde wá, kékeré, bí ìgbà tí ológbò bá jókòó ti iná ìdáná: ọmọ náà ń han oorun. Ó han án lẹ́ẹ̀kan, ó han án lẹ́ẹ̀kejì, ó sì só gbọn-ọ̀n.

Ẹ̀ṣọ́ tí ó di ọ̀kọ̀ mú ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ má rò pé gbogbo ìlú sáré lọ tẹ suwíìṣì lẹ́sẹ̀ kan náà. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà wọn, olúkúlùkù ń wo aládùúgbò rẹ̀ bóyá ti ẹni yẹn yóò kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Ìyá Ojúpọ́n ni ó kọ́kọ́ fi èékánná há amọ̀ kúrò lójú ògiri tirẹ̀. Ó fi iná kan sílẹ̀ ní ibi tí ó ti ń se oúnjẹ, ìyókù ṣú. Ilé tí ó tẹ̀lé e ṣú. Fáànù tí ń fẹ́ àga òfìfo dúró. Ìkòkò ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ààfin, tí kò kún rí, kún títí ó fi ń ṣàn dànù, àwọn ẹyẹ sì ká ìyẹ́ kò, nítorí kò sí ohun tí wọ́n tún fẹ́ lọ gbé wá. Mo gbọ́ pé odidi ọjọ́ méjì ni ọba kò fi rí ẹni gbé oúnjẹ fún un, nítorí gbogbo ìlú ni ó sùn.

Ọdẹ́jìnmí kò dúró rí ìyẹn. Eré ni ó ń sá. Ó sáré kọjá lẹ́nu ibodè, ẹnu méjèèjì kí i, kò dáhùn. Ó jẹ́ ọjọ́ kẹrin kí ó tó gbọ́ kíké àkùkọ Ìdí-Apá, ó sì mọ̀ pé ìkòkò àti iyanrìn kò lè dé ọjọ́ kẹrin. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó dúró, ẹ̀rù ń bà á láti wọlé. Ó gbọ́ ìró kan nínú ilé. Fíríìjì ni, ó ń kùn.

Ó wọlé. Àwẹ̀ró sùn sórí àga gígùn, ó rù, ṣùgbọ́n ó ń mí. Ẹnì kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìkòkò ńlá, aṣọ tútù wà ní èjìká rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, garawa omi mẹ́ta sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láyíwọlá ni.

"Ẹ rọra, Baba Móríyìn," ni Àwẹ̀ró wí, ó ti lajú. "Ọjọ́ tí ẹ lọ gan-an ló ti wá. Iyanrìn ń gbẹ kíákíá, apá mi kò sì gbé omi mọ́. Òun ló ń pọn ọ́n, òun ló ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i tọ̀sántòru. Ìdájí òní ni fíríìjì dìde, ìgbà náà ló kó ìgò méjì tó kù síbẹ̀."

Ọdẹ́jìnmí ṣí fíríìjì, ó fi ọwọ́ kan ìgò. Ó tutù. Ó fi ọwọ́ kan èkejì. Ó yíjú sí Láyíwọlá, ó rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí okùn kànga ti bó.

Láyíwọlá dìde. Ó fa àpò ṣòkòtò rẹ̀ ọ̀tún síta, ó fa ti òsì síta, ó gbọ̀n wọ́n níwájú ọdẹ náà.

"Baba ọdẹ, ẹ yẹ̀ mí wò dáadáa kí n tó máa lọ," ó wí. "Kí ẹ má baà tún dé abẹ́ igi apá kí ẹ ní mo gbé ìgò kan sá."

Ọdẹ́jìnmí ọmọ Akínrọ́pò gbé ìbọn rẹ̀ lélẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, níṣojú ìyàwó rẹ̀, níwájú ọmọ tí ó tó bí lọ́mọ, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ tí omi ti rin. Láyíwọlá kò sì tètè ní kí ó dìde. Ibẹ̀ ni mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ sí, ẹ̀yin ará mi, ọ̀kan lórí ìdúró, ọ̀kan nílẹ̀, tí ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀, àfi fíríìjì.